Ìkúnlẹ̀ Lórí Pápá Treichville

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún Ràmílátù pé yóò di olùkọ́ eléré ìje, ì bá ní kí onítọ̀hún lọ fi omi tútù bọ́jú. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tó ń ta abọ́ tánńganran ní ọjà Adjamé Roxy ní Abidjan, tó ń gbé Gonzagueville létí òkun, tó jẹ́ pé inú gbaka, ọkọ̀ èrò tí kì í kún lójú awakọ̀, ló ń há ara rẹ̀ sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: ibo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ rí ẹsẹ̀ sáré? Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló kó o sí i.

Ní ọdún 1986 tí à ń wí yìí, Gonzagueville kò tíì fi bẹ́ẹ̀ di ìlú. Ilé pákó ló pọ̀ níbẹ̀, lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn, òkun ń hó lẹ́yìn ilé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀. Màdáámù Pélagie, ọmọ Cotonou tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ni olùkọ́ CM2, ìyẹn kíláàsì tó kẹ́yìn. Ní ọ̀sán mercredi kan, ìyẹn Ọjọ́rú, tí kò sí ìwé, Màdáámù kó àwọn ọmọbìnrin jáde, wọ́n ń sáré nínú iyanrìn. Ràmílátù, tí ibà dá dúró sílé lọ́jọ́ náà, ń kọjá lọ. Ó dúró wò wọ́n. Ó rí apá tó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rí orí tó ń wo ẹ̀yìn, kò lè pa á mọ́ra.

“Màdáámù, ẹ ní kí wọ́n yé wo ẹ̀yìn. Ta ló ń lé wọn?”

Màdáámù Pélagie nu òógùn ojú rẹ̀. Ó fi orúkọ ọmọ Ràmílátù pè é. “Ìyá Moufou, si vous connaissez, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa bọ̀.”

Màdáámù rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ràmílátù bọ́ sálúbàtà, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní kí àwọn ọmọ náà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Wọ́n sá a dé ìdí àgbọn tó wọ́, gbogbo wọn ló fi sẹ́yìn àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ni Odette, ọmọ ọdún méjìlá, tínínrín báyìí, tó na ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tán tó sì padà wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ kú ìrọ́jú, Tantie,” ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ni Ràmílátù kò ti lọ sí ọjà mọ́ ní ọ̀sán mercredi.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní Gonzagueville pé obìnrin yìí ti sáré rí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló gba ipò kìíní láàárín gbogbo ilé-ìwé àdúgbò, wọ́n sì ní kó wá sáré ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù tí lẹ́tà bàbá rẹ̀ fi dé láti Abidjan. Ẹni tí yóò jókòó ti ìsọ̀ ni òun ń wá, kí wọ́n fi Ràmílátù ránṣẹ́. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó lanu pé ọmọ yìí kò ní lọ. Ó di ọdún kejìdínlógún báyìí, kò sì tíì dárí jì wọ́n tán.

Ọkọ rẹ̀, Àrìmíyàù, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u.

“Ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ níbẹ̀ ni?”

“Rárá.”

“Oúnjẹ ńkọ́?”

“Wọn kò fún mi lóúnjẹ.”

“Mo fẹ́ ìyàwó oníṣòwò ní ilé Ọlọ́run, mo jí lọ́jọ́ kan mo bá eléré ìje lórí ẹní mi.”

Ẹ má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tàn yín jẹ. Òun náà ló ń dúró ti ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo mercredi, tó sì yọ aago ọwọ́ rẹ̀ fún un kó lè máa fi mọ iye ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọ náà ń lò.

Nínú àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún tó ń wá, mẹ́rin ló yọ. Salimatou, ọmọ àwọn Dyula tó ń ta ẹran ní ẹ̀bá ọ̀nà, máa ń gbéra kí ojú tó ṣẹ́. Odette ló yára jù. Jẹ̀mílà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kì í bẹ̀rù ìkọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀nà pápá ti yí. Georgette ló dàgbà jù, ó ti pé mẹ́rìnlá, itan rẹ̀ le. Àwọn mẹ́rin yìí ni Ràmílátù kó jọ fún eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní relais. Ìgbálẹ̀ onígi kan ló gé láti fi ṣe ọ̀pá náà.

Ìdí tó fi mú relais nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn olówò kan ṣe ìdíje fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Abidjan. Ọmọbìnrin mẹ́rin tó bá gba ipò kìíní nínú relais, ẹgbẹ́ náà yóò rán wọn ní collège, ìyẹn ilé-ìwé girama, fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹni ipò kejì yóò gba bọ́ọ̀lù. Ti àwọn mẹ́ta yòókù, bí wọ́n gbà bí wọn kò gbà, àwọn òbí wọn yóò gbìyànjú. Odette ni kò ní òbí tí yóò gbìyànjú fún un. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, arúgbó kan tó ń yan ẹja, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sákétẹ́, ló tọ́ ọ dàgbà, owó collège sì ju agbára arúgbó náà lọ. Àbúrò ìyá Odette kan wà ní Treichville, Ìyá Ọlọ́runlékè, tó ń ta léèsì. Ó ti ní bí ìwé bá ti parí ní oṣù kẹfà, kí Odette máa bọ̀ wá jókòó ti ìsọ̀ òun. Nígbà tí Ràmílátù gbọ́ èyí, inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó ṣi abọ́ kà fún oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní Port-Bouët ní oṣù karùn-ún, mẹ́ta tó bá síwájú ni yóò lọ sí àṣekágbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe relais ni pé ẹni àkọ́kọ́ yóò fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọ̀pá, ẹnì kejì yóò fi òsì gbà á, òsì náà ni yóò sì fi fún ẹnì kẹta, kí wọ́n má baà tẹ ara wọn ní gìgísẹ̀. Salimatou sá tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dáná sí lẹ́sẹ̀. Odette gbà á, ó fò, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ tó bí ilé mẹ́ta. Ràmílátù ti ń fọwọ́ lu itan. Bí Odette ṣe sún mọ́ Jẹ̀mílà, ó dẹwọ́ eré. Ó mú ọ̀pá kúrò ní ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ó kúnlẹ̀ lórí pápá níwájú gbogbo ayé, ó ní, “Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọmọ mẹ́ta ti kọjá lọ kó tó dìde. Ipò kẹta ni wọ́n gbà, àánú Ọlọ́run sì ni, nítorí ẹni tó wà nípò kẹta tẹ́lẹ̀ ló ṣubú.

Ohun tó dun Ràmílátù jù ni pé ó ti ń rí i láti oṣù méjì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dánra wò ni Odette ń pààrọ̀ ọwọ́, gbogbo ìgbà ni orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, òun Ràmílátù kò sì kà á sí nǹkan kan. Lójú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tó kúnlẹ̀ kó tó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan, kí ló burú níbẹ̀? Ó tiẹ̀ ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ míràn ì bá ti rí i ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì pariwo.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n ṣe é. Ó fi Odette sí iwájú, kó má baà lo òsì, àmọ́ nígbà tí Màdáámù Pélagie lu pákó méjì pọ̀ bí ìró ìbọn, Odette fi ọwọ́ méjèèjì dí etí. Ó fi í sí ẹ̀yìn pátápátá, kó má baà fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Odette kúnlẹ̀ láti gbà á. Ó fi í sí ipò kẹta, ó ní kó fi ọ̀tún gbà, kó fi ọ̀tún fún Georgette. Ó fi ọ̀tún fún un lóòótọ́, lórí ìkúnlẹ̀. Ràmílátù bínú, ó jágbe mọ́ ọn. Odette bú sẹ́kún.

“Tantie, c'est pas moi, kì í ṣe èmi. Orúnkún-là ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Màmá àgbà ní ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Inú Ràmílátù bàjẹ́ sí igbe tó ké mọ́ ọmọ náà. Ó nu ojú rẹ̀ fún un, ó sì gba ilé Ìyá Sákétẹ́ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ó bá arúgbó náà nídìí ààrò. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sórí àpótí, ó sọ tẹnu rẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Odette pé kó má kúnlẹ̀ mọ́ lórí pápá. Kó sì máa fi ọwọ́ òsì fún wọn ní ọ̀pá.”

Ìyá Sákétẹ́ yí ẹja kan padà. “Ìyá Moufou, ṣé ọmọ Yorùbá ni ọ́?”

“Ọmọ Yorùbá ni mí, Ìyá.”

“Ó dáa. Mo rò pé o ti gbàgbé ni.” Ó yí ẹja mìíràn. “Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yìí wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. N kò ní owó tí n ó fún un, n kò ní ilé tí yóò jogún. Ẹ̀kọ́ ilé nìkan ni mo ní, mo sì fi gbogbo rẹ̀ fún un. Ìwọ wá fẹ́ kí n gba ìyẹn náà padà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ràmílátù fa àpótí sún mọ́ ààrò. Ó jókòó, èéfín ń bọ́ sí i lójú. Nígbà tó yá, ó sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Gonzagueville. Ó sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sọ ti Ìbàdàn tí kò dé, ó sọ ti lẹ́tà.

“Bí a kò bá gba ipò kìíní, Ìyá, Odette ń lọ sí Treichville. Mo mọ ìsọ̀ tó ń lọ jókòó sí. Mo ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.”

Ẹja kan jóná lójú arúgbó náà, kò sì yí i.

“Bí o bá gbé ẹrù sí ọwọ́ ọ̀tún,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, “tí àgbà kan sì ní kí o mú nǹkan wá, tó jẹ́ òsì nìkan ló ṣófo, kí lo máa ń sọ?”

“Mo máa ń ní, Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì nìyí.”

“Kí ni àgbà máa ń sọ?”

“Pé kò burú.”

“Kí o tó na ọwọ́ ni o máa ń sọ ọ́, àbí lẹ́yìn tí o nà á tán?”

“Kí n tó nà á ni.”

“Ṣé o wá gbọ́.” Ìyá Sákétẹ́ yọ ẹja tó jóná. “Kó kúnlẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kó tọrọ gáfárà ọwọ́ òsì, kó tọrọ gáfárà orí ìdúró. Bí wọ́n bá ti dá a lóhùn, kò sí àrífín níbẹ̀ mọ́. Ìwọ náà ni ó yẹ kó ronú kan ìyẹn, kì í ṣe èmi arúgbó.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ràmílátù lára, nítorí òtítọ́ ni. Ní samedi, ọjọ́ Àbámẹ́ta, lábẹ́ àgbọn, Odette kúnlẹ̀ níwájú Jẹ̀mílà àti Georgette, ó ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ òsì ni òun máa fi fún wọn, orí ìdúró sì ni. Jẹ̀mílà rẹ́rìn-ín. “Y'a rien, lève-toi,” ni ó wí, pé kò sí nǹkan, kó dìde. Odette kò dìde.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dá mi lóhùn dáadáa.”

Jẹ̀mílà wo Ràmílátù. Ràmílátù mi orí sí i. “Kò burú,” ni Jẹ̀mílà wí, “dìde.” Georgette náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sá a. Odette dé, ó na òsì, ọ̀pá bọ́ sọ́wọ́ Jẹ̀mílà láìdúró, orúnkún kò tẹ̀. Ràmílátù wo aago, kò gbà á gbọ́, ó ní kí wọ́n tún un sá. Wọ́n tún un sá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkẹ́yìn ló dára jù.

Ọjọ́ àṣekágbá pé ní oṣù kẹfà, ní pápá ìṣeré kan ní Treichville. Àrìmíyàù ti ìsọ̀ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, ó wá. Ìyá Sákétẹ́ náà wá nínú aṣọ ìjọ rẹ̀, ó jókòó ní ìlà kìíní, Ìyá Ọlọ́runlékè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú léèsì aláwọ̀ ewé. Ràmílátù lọ kí wọn. Ibẹ̀ ló ti rí báàgì kan láàárín ẹsẹ̀ arúgbó náà, báàgì tí wọ́n fi okùn dì, ẹsẹ̀ bàtà Odette ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ ti di ẹrù rẹ̀?”

“Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi,” ni Ìyá Sákétẹ́ wí, kò sì wo ojú rẹ̀. “Ibí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Bí eré bá parí, bí kò bá bọ́ sí i, wọn yóò ti ibí lọ.”

Ràmílátù padà sórí pápá, kò sọ ọ̀rọ̀ báàgì fún ẹnikẹ́ni, ó kàn fọwọ́ tún okùn ṣòkòtò Odette dì. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló fẹ́ sá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan láti Cocody wọ bàtà oníṣó, aṣọ wọn dọ́gba, wọ́n ń na ẹsẹ̀ lórí koríko. Tiwa wà láìwọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú lọ sí ipò rẹ̀, Odette kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ìlà funfun, níwájú Jẹ̀mílà àti Georgette. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ó kárí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pariwo láti òkè pé, “Eh, la go-là, elle prie ou bien?” Ó ń béèrè bóyá àdúrà ni ọmọ náà ń gbà. Òṣìṣẹ́ kan fọn fèrè, ó ní ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n yára. Ojú ti Màdáámù Pélagie débi tó fi wo ilẹ̀. Ojú kò ti Odette rárá.

Ẹ̀rù Ràmílátù ni pé ojú yóò ti àwọn méjì tí Odette ń kúnlẹ̀ fún, pé wọn yóò sá kúrò láìdáhùn. Georgette kò sá. Ó fi ọwọ́ lé Odette lórí, kò yára, bó ti wù kí òṣìṣẹ́ náà fọn fèrè tó. “Kò burú, àbúrò mi. Òsì rẹ, ọ̀tún ni lójú wa.” Jẹ̀mílà ní kò burú. Odette dìde, ó gbọn iyanrìn nù, ó sáré lọ sí ipò rẹ̀.

Ìbọn dún. Salimatou gbéra, àmọ́ àwọn elébàtà oníṣó náà mọ̀ ọ́n sá, ipò kẹta ni ó wà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Odette. Odette fi òsì gbà á. Àwa tí a mọ Odette mọ̀ pé ọmọ yẹn ti fi gbogbo oṣù náà sá eré yìí lójú oorun. Ó kọjá ẹnì kan. Ó kọjá ẹnì kejì nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ìkọ̀rọ̀, ó sì ń sún mọ́ Jẹ̀mílà, Ràmílátù ń wo orúnkún rẹ̀, kò wo nǹkan mìíràn, orúnkún náà nìkan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń ké “Tiens!”, ìyẹn “Gbà!” Odette ké, “Ẹ gbà!” Ó na òsì gbọọrọ. Jẹ̀mílà gbà á, ó lọ. Orúnkún kò tẹ̀.

Ràmílátù kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ti so ìró mọ́ ìdí, ó ń bá Jẹ̀mílà sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òṣìṣẹ́ méjì ń lé e, ọwọ́ wọn kò bà á. Jẹ̀mílà fún Georgette. Ọmọ Cocody kan fẹ́ lé Georgette bá, ó súnmọ́, ó súnmọ́, wọ́n dọ́gba. Georgette na àyà síwájú, ó gé okùn. Ìṣẹ́jú kan kọjá kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó sọ̀rọ̀. Ó ní, première, ipò kìíní, École de Gonzagueville.

Ẹ bá mi wo Àrìmíyàù, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, tó ju fìlà sókè tí kò sì rí i mọ́ títí dòní. Ẹ wo Màdáámù Pélagie tó dì mọ́ òṣìṣẹ́ tó fọn fèrè. Àwọn ọmọ mẹ́rin náà wó lulẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn olówò náà ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ní oṣù kẹsàn-án, collège. Ràmílátù ní kó tún orúkọ Odette kà sétí òun, ó tún un kà. Ayọ̀ náà pọ̀ jù fún Ràmílátù.

Ó mú Odette lọ́wọ́, wọ́n lọ bá Ìyá Sákétẹ́. Ìyá Ọlọ́runlékè ti dìde, inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń ronú.

“Màámi, ó dára, mo bá wọn yọ̀,” ni ó wí. “Àmọ́ ẹ ti ṣèlérí fún mi. Ta ni yóò wá jókòó ti ìsọ̀ mi báyìí?”

Ìyá Sákétẹ́ gbé báàgì náà, ó fi í lé Ràmílátù lọ́wọ́ pé kó bá òun gbé e padà sílé. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ,” ni ó wí. “Ìwọ ni yóò jókòó tì í. Ọmọ yìí kò lọ síbì kankan.”

Ràmílátù gbé báàgì náà mọ́ àyà. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń retí kí arúgbó kan sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ti rò pé òun nìkan ni wọ́n lè sọ ọ́ fún kí ara òun tó tù. Wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, ara rẹ̀ sì tù pátápátá.